Wọ́n Ní Àwòrán Ló Ń Kà

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí Ọ̀gá Fálànà na ọ̀pá sí káádíbọ́ọ̀dù tó wà lára ògiri, tí wọ́n sì ní kí Ìyá Àwáwù dìde kó wá kà á. Aago náà dá mi lójú nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù mi ni. Bí àyà mi bá ti ń já, aago ni mo máa ń wò, bí ẹni pé yóò sọ fún mi pé ohun tí mo ń bẹ̀rù ti fẹ́ kọjá lọ.

Ìtàn tó wà lára káádíbọ́ọ̀dù náà kò gùn. Ọ̀gá fúnra wọn ló kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní kí ayàwòrán kan ya ọmọkùnrin kékeré kan sí òkè rẹ̀, tó ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀: "Àlàbí wọ ilé ìdáná. Àlàbí ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Àlàbí jí ẹja jẹ." Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni tiwa ní Erúnmu, ti àwọn àgbàlagbà tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ ní kékeré. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ìtàn Àlàbí sókè lójú Ọ̀gá.

Ìyá Àwáwù dìde. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó wo káádíbọ́ọ̀dù náà, ó wá kà á:

"Ọmọ náà wọ ilé ìdáná. Ọmọ náà ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Ọmọ náà..."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀gá fi ọ̀pá gbá ògiri.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ọmọ náà, sà."

"Mo ní kí ni mo kọ síbẹ̀?"

Ọ̀gá yíjú sí èmi àti Mísìsì Oyèdélé, tísà ìṣirò, níbi tí a jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ohùn ẹni tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ ni wọ́n fi sọ ọ́.

"Ṣé ẹ rí i? Àwòrán ló ń kà. Ó rí ọmọ, ó ní ọmọ náà. Obìnrin yìí kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Jókòó, jàre. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀ kò wúlò fún un. Nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn Erúnmu ti ṣèlérí iṣẹ́ kan fún un, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ní ẹ̀ka àwọn aláboyún, bó bá lè mú ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá lọ́dún yìí. Bí kò bá mú un wá, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbà. Gbogbo wa la mọ èyí, Ọ̀gá náà mọ̀ ọ́n. Ìyá Àwáwù jókòó padà sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, kò sì sunkún. Èmi ni mo fẹ́ sunkún. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn, mo sì ti ń gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí ni mo gbé sórí.

Kétu ni mo ti wá. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ níbí, wọ́n á ní, "Kétu Èkó? Kí ló wá ṣe ohùn ẹ báyìí?" Màá ní rárá, Kétu ti Alákétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n á wá mi orí, wọ́n á ní, "Oò, Kútọnu." Kútọnu jìnnà sí wa. Èmi fúnra mi kò débẹ̀ rí títí mo fi fẹ́ wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti di Tísà Kútọnu, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ mi lára bí ẹrẹ̀.

Kí n tó wá, mo rò pé ẹni tó kúrò láàárín Yorùbá tó bọ́ sáàárín Yorùbá kò rìnrìn àjò kankan, bí ẹni tó ti yàrá bọ́ sí pálọ̀ ni. Mo ti gboyè nínú ìmọ̀ èdè, iṣẹ́ kò sí nílé, mọ̀lẹ́bí màmá mi kan tó ń gbé ní Alákíá nílùú Ìbàdàn sì ní wọ́n ń wá ẹni tó lè kọ́ àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Mo rò pé wọ́n á fọwọ́ méjèèjì gbà mí. Ohun tó kọ́kọ́ bá mi lójijì ni pé èdè wa kan náà ni wọ́n fi ń sọ fún mi pé n kì í ṣe ara wọn. Bí ó bá ṣe pé èdè mìíràn ni, ǹ bá sọ pé n kò gbọ́ dáadáa. Mo gbọ́ ọ dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Nínú yàrá àwọn tísà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣàwàdà. Faransé ni wọ́n fi kọ́ èmi ní ìwé. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, bí wọ́n bá dákẹ́, èmi náà á dákẹ́, bí mo bá sì padà délé ní ìrọ̀lẹ́, ojú á ti rẹ̀ mí ju ẹsẹ̀ lọ. Ilé tí mo háyà wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan wà lára aṣọ mi, lára ìrọ̀rí mi, àti lára ìwé mi. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí máa ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ọ̀rọ̀ á tán. Mo kí wọn, wọ́n á jẹ́ mi, ohùn wọn á sì tún gbéra lẹ́yìn tí mo bá ti wọlé. N kò lè sọ pé wọ́n ṣẹ̀ mí. Bóyá n kò tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń tán nígbà tó bá ń kọjá yóò mọ ohun tí mo ń sọ.

Lórí fóònù, màmá mi á bi mí pé, "Ṣé wọ́n ń tọ́jú ẹ?" Màá ní, "Wọ́n ń tọ́jú mi, Màmá." Wọ́n á ní, "Ṣé àwọn ọmọ ilé ìwé ẹ ń gbọ́ràn?" Màá ní, "Wọ́n ń gbọ́ràn." N kò sọ fún wọn pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé ìwé mi dàgbà jù wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ tí àwa tísà máa ń sọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò dára létí. Ìlú Ìbàdàn ni àwọn tísà tó kù ti ń wá, wọn á dé ní kété tí kíláàsì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọn á sì lọ ní kété tó bá parí. Mísìsì Oyèdélé máa ń gbọn ẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní, "Tútù ni wọ́n ń ká ẹja. Àwọn wọ̀nyí ti gbẹ." Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, ọmọ tísà, ọmọ-ọmọ tísà, wọ́n sì mọ ìṣirò kọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbàgbọ́ ni pé ẹni tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní kékeré, ọ̀lẹ ni àwọn òbí rẹ̀, ọ̀lẹ ni òun náà, bó bá sì wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tó dàgbà, ó kàn fẹ́ fi ṣe fújà ni. Ọ̀gá Fálànà ní tiwọn gbà pé gbogbo wọn ló ń há ọ̀rọ̀ sórí. "Wọn kì í kàwé," wọ́n á ní. "Wọ́n ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, wọ́n á wá máa tún un sọ bí ẹyẹ ayékòótọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ."

Wọn kì í lo "ẹ" fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ọkùnrin tó ní ọmọ-ọmọ, Ọ̀gá á ní, "Ìwọ, dìde." Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ara mi bù máṣọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò fẹ́ràn wa. Ẹ má jẹ́ kí n fi oyin sí i. Lùkúmọ́ọ̀nù tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà ni olórí wọn nínú ọ̀rọ̀ kíkorò. Ní ọ̀sẹ̀ mi àkọ́kọ́, mo ń sọ̀rọ̀ gígùn lórí bí ìwé ṣe máa ń gbé ènìyàn dé ibi gíga, ó na ọwọ́ sókè.

"Tísà Kútọnu, ẹ má bínú o. Ìwé tí ẹ kà yẹn, ṣé òun ló gbé yín dé Erúnmu?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa. Torí èmi tí n kò kàwé, Erúnmu náà ni mo wà."

Kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n mo dé ilé, mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, n kò lè jẹun.

Nígbà tí kíláàsì túká ní Ọjọ́rú tí mo ń wí yìí, mo ní kí Ìyá Àwáwù dúró díẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, bí ọdún mélòó kan ni, ṣùgbọ́n ó ti bímọ, "ẹ" ni mo sì ń lò fún un. Mo ní kó bá mi ka ohun kan. Ó ní, "Ṣé yẹ̀yẹ́ tí ẹ fi mí ṣe lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì tó?" Síbẹ̀ ó dúró.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sójú pátákó, láìsí àwòrán kankan: "Òjò rọ̀, ọ̀nà oko kún fún ẹrẹ̀." Ó kà á. Mo kọ: "Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó fún ọmọ lọ́mú." Ó kà á, kò tiẹ̀ dá dúró. Mo rò pé bóyá orúkọ ènìyàn ló ń dà á láàmú, mo kọ: "Àjàyí wọ ilé ìdáná. Àdùkẹ́ ṣí ìkòkò ọbẹ̀." Ó ka Àjàyí, ó ka Àdùkẹ́.

"Ìyá Àwáwù, ẹ mọ̀ ọ́n kà," mo ní.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ṣé ó ti tán? Ìrun ń lọ."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Mo dúró níwájú pátákó náà, inú mi dùn, ó sì tún bàjẹ́. Inú mi dùn nítorí pé èmi ni mo kọ́ ọ, ó sì yege, ìyẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo lè tọ́ka sí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Inú mi bàjẹ́ nítorí pé bó bá mọ̀ ọ́n kà, kí ló dé tí kò kà á? Ṣé ẹ̀rù Ọ̀gá ni? Obìnrin tó sọ̀rọ̀ sí mi bẹ́ẹ̀ kò jọ ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Màmá mi ló tú u, láìmọ̀. Wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ka gbogbo ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ tán, wọ́n ní, "Arẹwà ní kí n kí ẹ o. Wọ́n ní kí o má gbàgbé wọn."

Àbúrò bàbá mi tó kéré jù ni Arẹwà. Bùráímọ̀ ni orúkọ wọn. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè wọ́n ní Arẹwà nílé wa àfi màmá mi. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, n kò ronú sí i rí. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àwáwù ló wà lọ́kàn mi, mo kàn ṣàdédé bi wọ́n:

"Màmá, ṣé ẹ ti pe orúkọ wọn rí?"

"Orúkọ ta ni?"

"Arẹwà. Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Orúkọ ọkọ mi? Ṣé àwọn tó bí mi kò kọ́ mi ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣáà jù wọ́n lọ."

"Wọ́n ti bí wọn kí n tó wọlé. Ìgbà tí mo wọlé ni wọ́n ń kà fún mi níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí mi. Kí ló dé tí o ń bèèrè ohun tí ọmọdé mọ̀?"

Mo sọ pé kò sí. Mo jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gé fóònù. Ìyàwó kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ rẹ̀ tó bá nílé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ká má tiẹ̀ wá sọ ti bàbá ọkọ. Mo kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè ní yunifásítì, mo kọ ìwé lórí bí a ṣe ń pe orúkọ, n kò sì rò ó.

Ní ọjọ́ Ajé, kí n tó dé kíláàsì, mo yà sọ́dọ̀ Lùkúmọ́ọ̀nù níbi tó ti ń fi omi wádìí ihò lára táyà.

"Kí ni wọ́n ń pe bàbá ọkọ Ìyá Àwáwù?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó ń bèèrè ọ̀nà. "Bàbá Àlàbí. Ta ni kò mọ Bàbá Àlàbí? Orúkọ mùsùlùmí tí wọ́n sọ wọ́n, àfàá nìkan ló tún rántí rẹ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí obìnrin dìde láàárín ènìyàn, kó ní bàbá ọkọ òun jí ẹja jẹ. Kí ni ká ṣe, ká sunkún?"

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

"Ṣé ẹ bi wá ni?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ọ́fíìsì. Mo rò pé mo gbé ojútùú lọ́wọ́. Mo rò pé Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Háà, ìyẹn ni," wọ́n á sì ní kí n kọ Àjàyí dípò Àlàbí. Ẹ wo bí mo ṣe jẹ́ ọmọdé tó.

Ọ̀gá Fálànà gbọ́ mi tán. Mísìsì Oyèdélé wà níbẹ̀, wọ́n ń máàkì iṣẹ́.

"Nítorí náà," Ọ̀gá ní, "orúkọ bàbá ẹnì kan ni kí n tìtorí rẹ̀ pa ìtàn mi rẹ́."

"Kì í ṣe kí ẹ pa á rẹ́, sà. Kí ẹ kàn..."

"Ìwé kò mọ ìyàwó ilé. Jẹ́ kí n bi ọ́. Bó bá dé ilé ìwòsàn yẹn, tí aláboyún kan bá wá, tí ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àlàbí, tí wọ́n ní kó lọ pè é wá kíákíá. Ṣé 'ọmọ náà' ni yóò máa pariwo?"

N kò rò ó débẹ̀. Mo ní, "Bóyá yóò pè é ní bàbá, sà."

"Bàbá mélòó ló máa dáhùn?" Mísìsì Oyèdélé ní, wọn kò tiẹ̀ gbé ojú sókè.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. Mo yíjú sí Mísìsì, mo bi wọ́n bóyá àwọn náà máa ń pe orúkọ bàbá ọkọ wọn.

"Dádì ni mo ń pè wọ́n," wọ́n ní. Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kí wọ́n tó mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n ju bírò sílẹ̀. "Ẹnu ẹ wá mú, àbí? Ọmọ Kútọnu fẹ́ wá kọ́ wa ní àṣà."

Ọ̀gá ni kò bínú, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní àwọn gbà mí nítorí àánú. Wọ́n ní ìwé ìgbélùú mi, àwọn kò tíì bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bèèrè irú rẹ̀ kò jìnnà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé tísà kíláàsì ni òfin ní kó fọwọ́ sí orúkọ ẹni tó máa ṣe ìdánwò. Ìwọ ni tísà kíláàsì. Lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin yẹn á dìde, á kà á bí mo ṣe kọ ọ́, ìwọ ni wàá sì sọ lójú gbogbo wa bóyá ó kà á tàbí kò kà á. Bí o bá fọwọ́ sí irọ́, kó ẹrù ẹ."

Kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ sí ohun tí Ọ̀gá kọ̀ rí. Mo bi olùṣọ́ ilé ẹ̀kọ́, ó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀.

Mo rò pé Ìyá Àwáwù á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ olùṣọ́, Mísìsì ti ṣáájú mi dé kíláàsì, wọ́n sì ti sọ níbẹ̀ pé ẹnì kan wà tó ń fi orúkọ bàbá ọkọ ṣàwáwí ìwé. Ìyá Àwáwù dúró dè mí lábẹ́ igi máńgòrò.

"Tísà, ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Mo bẹ̀ yín? Bí wọ́n bá ní òpè ni mí, ó tó. Òpè kì í ṣe orúkọ burúkú nílé wa, gbogbo wa la jẹ́ ẹ. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ Bàbá ti wọ ẹnu àwọn tí kò mọ̀ wọ́n."

Mo sọ fún un ohun tí Ọ̀gá sọ nípa ilé ìwòsàn. Ó pòṣé. "Ọkùnrin tí kò ní orúkọ bàbá, ibo ló ti jáde? Orúkọ bàbá rẹ̀ ni màá fi pè é."

Mo bi í bóyá ó lè kọ ìtàn náà bí kò bá lè kà á. Ó ní ẹnu ló ń pe orúkọ, ọwọ́ kì í pè é. Ó wọlé, ó kọ ẹ̀yìn sí káádíbọ́ọ̀dù náà, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Àlàbí wà níbẹ̀, gbogbo àmì wà lórí rẹ̀. Mo sáré lọ pe Ọ̀gá. Wọ́n wá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó.

"Ẹni tó ya àwòrán ilé," wọ́n ní, "ṣé ó ti kọ́lé?"

Wọ́n padà. Ìyá Àwáwù mú aṣọ tí wọ́n fi ń nu pátákó, ó nu ohun tó kọ kúrò fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó sì kọ́kọ́ nu orúkọ náà.

Mo ní ó ku ọ̀nà kan. Kí n lọ bá Bàbá Àlàbí nílé, kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un láyè kó pe orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí ìdánwò. Mo ti gbọ́ pé Bàbá fúnra wọn ló ní kó wá sí kíláàsì nígbà tí ọkọ rẹ̀ kọ̀.

"Wọn yóò gbà," ó ní. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá, wọn yóò ní kí n máa pè é, wọn yóò tiẹ̀ fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bàbá kò ní wà títí, Tísà. Àwọn ìyàálé mi àti àwọn ọmọ obìnrin ilé, àwọn ni mo máa bá gbé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé mo dìde láàárín àwùjọ, mo ní Bàbá jí ẹja, wọn yóò sọ ọ́ títí Àwáwù yóò fi lọ sílé ọkọ. Wọ́n á ní ìwé ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Kò sì ní sí ìyàwó kankan nílé wa tí wọ́n máa jẹ́ kó kàwé mọ́."

"Kí lẹ máa wá ṣe lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Màá wá. Màá kà á bí mo ṣe ń kà á. Ẹ̀yin ni kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa sọ."

Ọjọ́rú tún ti dé bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo ń rí ara mi pẹ̀lú báàgì mi lọ́nà Kétu, àwọn ènìyàn ń bèèrè ohun tí mo mú bọ̀, ojú sì ń tì mí ṣáájú àkókò. Nígbà mìíràn mo máa ń bínú sí Ìyá Àwáwù. Mo máa ń sọ nínú ọkàn mi pé ọ̀rọ̀ kan péré ni, sílébù mẹ́ta, kó pè é ká sinmi. Lẹ́yìn náà mo máa ń gbọ́ ohùn Ọ̀gá nínú ohun tí mo ń rò, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó jọ pé àwọn tí mo kórìíra ọ̀rọ̀ wọn ti ń kọ́ mi láti ronú bíi tiwọn.

Bí mo bá fọwọ́ sí i, ó lè ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n n kò ní sí níbí láti gbèjà rẹ̀ bí Ọ̀gá bá sọ pé àlejò tí wọ́n lé lọ ló fọwọ́ sí i lọ́nà èrú. Bí mo bá sọ pé kò kà á, iṣẹ́ mi á wà síbẹ̀, màá sì ti parọ́ lójú gbogbo kíláàsì, lójú Lùkúmọ́ọ̀nù, tí yóò rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sì lọ bá Bàbá lẹ́yìn rẹ̀, ó ti sọ fún mi ohun tí màá bà jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ ìyàwó ilé rí, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ tísà rí, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní ìlú tí kì í ṣe tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Yóò dìde, yóò wo orúkọ náà, yóò sì ní "ọmọ náà". Ọ̀gá yóò yíjú sí mi, wọ́n á bi mí pé, "Ṣé ó kà á?" Kí ni kí n sọ?